Èwo ló ń la ẹ̀rùn já jù, ìjímèrè ni àbí àbámọdá?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí nílé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Òkè-Ògùn, a kò sì jìnnà sí igbó ìjọba Old Oyo. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń jiyàn nígbà ọyẹ́. Àwọn kan ní kò sí ohun ẹlẹ́mìí tó mọ ẹ̀rùn fara dà bí ìjímèrè, torí inú ọ̀dàn gbígbẹ ló ń gbé. Àwọn kan ní àbámọdá tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa jù ú lọ, torí kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín, kì í sì í kú. Ọmọ kan wá dá a sílẹ̀ pé àbámọdá gan-an ni ìjímèrè ń jẹ tí kò bá rí omi mu. Èwo ni ká gbà nínú ọ̀rọ̀ wọn? Ṣé ó tilẹ̀ bójú mu ká fi ọ̀bọ wé ewé?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú akitiyan. Iyàn àwọn ọmọ yín dùn mọ́ mi, torí iyàn tó lórí tó nídìí ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ti ọmọ kẹta kúrò lọ́nà, torí tiẹ̀ ló lè kó bá èèyàn tí wọ́n bá gbà á gbọ́. Àbámọdá kì í ṣe ewé ọ̀dàn. Erékùṣù Madagásíkà ló ti ṣẹ̀ wá, ọwọ́ èèyàn ló gbé e káàkiri ayé. Ẹ̀yìnkùlé, ìdí ògiri àti etí ojúbọ la ti ń bá a pàdé lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe àárín koríko tí ìjímèrè ti ń jẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, májèlé wà nínú rẹ̀. Ewé àti òdòdó rẹ̀ ní àwọn èròjà kan tó máa ń da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Ní Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà, òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ màlúù tó jẹ wọ́n. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa ń fún omi rẹ̀ fún ikọ́, wọ́n sì ń fi ewé rẹ̀ lé ojú egbò, mi ò bá wọn jà sí i. Ìwọ̀nba ni wọ́n ń lò. Àmọ́ kí ẹranko tí òùngbẹ ń gbẹ jẹ ẹ́ yó nítorí omi inú rẹ̀, ikú ló ń wá kiri. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ládùúgbò.

Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé àbámọdá kì í ṣe òdúndún. Ìbátan ni wọ́n, ewé àwọn méjèèjì nípọn, àmọ́ òdòdó àbámọdá máa ń dorí kodò, ti òdúndún a sì kọjú sókè. Ní Bahia ní Bùràsíìlì, nílé àwọn ọlọ́rìṣà Candomblé, orúkọ Yorùbá tí àbámọdá ń jẹ́ yìí kò tíì parẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé folha-da-fortuna ni aráàlú ń pè é.

Ó yá, ṣé a lè fi ẹranko wé ewé? Bó bá jẹ́ pé èwo ló lágbára jù tàbí èwo ló gbọ́n jù la fẹ́ mọ̀, asán ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a lè bi àwọn méjèèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì ní èsì tirẹ̀: nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, báwo lẹ ṣe ń ná omi? Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà. Ìjímèrè ń ná omi kó tó lè rí omi. Àbámọdá kì í fẹ́ ná tirẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjímèrè. Ọ̀bọ tó bá ti pupa díẹ̀ ni àwọn kan ń pè bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí tí mò ń sọ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Erythrocebus patas. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ ọ̀hún gùn tẹ́ẹ́rẹ́, irunmú rẹ̀ sì funfun. Akọ tó dàgbà lè wọn tó kìlógíráàmù 12. Abo kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Láti Sẹ̀nẹ̀gà lọ títí dé ìlà-oòrùn Áfíríkà ni irú rẹ̀ wà, nínú ọ̀dàn tó wà láàárín Sàhárà àti igbó kìjikìji.

Tí ẹ bá láǹfààní láti rí i nítòsí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Edun tó ń gbé orí igi ní ìka gígùn tó fi ń di ẹ̀ka mú. Ti ìjímèrè kúrú, orí ìka ló sì fi ń tẹlẹ̀ tó bá ń rìn, kì í gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó pàdánù lórí igi, ó rí i gbà lórí ilẹ̀: kò sí ọ̀bọ mìíràn láyé tó lè bá a sáré. Eré rẹ̀ lè tó kìlómítà 55 ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé ọkọ̀ tó ń rin ojú ọ̀nà ìgbèríko yín kò ní fi í sílẹ̀. Àwọn baba wa tó ní ìjímèrè tó lóun ò ní í sá fún ajá, ojú ajá ni kò tíì tó o, wo ẹranko yìí dáadáa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Kì í dúró bá ọ̀tá wọ̀yá ìjà bí àyè eré bá wà.

Kó tó sá, á kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò. Á gun òkìtì ọ̀gán, á dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, á fi ìrù ti ara rẹ̀ lẹ́yìn, á wá na ọrùn wo òkè koríko. Lálẹ́, agbo á tú ká. Olúkúlùkù á lọ sùn sórí igi tirẹ̀, wọn kì í sì í sábà sùn síbi tí wọ́n sùn lánàá, kí àmọ̀tẹ́kùn tó bá rí ọ̀kan má baà rí gbogbo wọn. Abo wọn tún ní ìwà kan tó ṣàjèjì láàárín ọ̀bọ: ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń bímọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀bọ mìíràn ń dúró de òru.

Oúnjẹ rẹ̀ ló ń mú un rìn. Ní Laikipia ní Kẹ́ńyà, níbi tí Lynne Isbell, onímọ̀ nípa ọ̀bọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀lé wọn, igi akéṣíà kúkúrú kan báyìí ni wọ́n gbójú lé. Ẹ̀gún igi náà wú, inú rẹ̀ ṣófo, èèrà sì ń gbé inú àwọn ẹ̀gún tó wú yìí. Ìjímèrè á já ẹ̀gún náà, á kó èèrà inú rẹ̀ jẹ, á họ oje tó ń sun lára èèpo igi, á sì kọjá sídìí igi tó kàn. Ó tún ń jẹ tata àti èso. Oúnjẹ tó lágbára ni, àmọ́ bíńtín ló wà lórí igi kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ìdí tí ẹranko fi ní láti jókòó síbi tí oúnjẹ ti tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí agbo wọn fi ń jẹ ilẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ. K.R.L. Hall, onímọ̀ mìíràn tó wò wọ́n ní Murchison Falls ní Uganda láwọn ọdún 1960, rí agbo kan tó ń lo ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 50. Lọ́jọ́ mìíràn wọn kò rìn tó kìlómítà kan. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á rin nǹkan bíi kìlómítà 12.

Ẹ wá rò ó wò, ìrìn bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn ẹ̀rùn, lórí ilẹ̀ tí kò níbòòji. Ajá tó bá sáré a yọ ahọ́n, a máa mí hẹlẹ. Ìjímèrè ń làágùn. Ó ń làágùn bí èèyàn ṣe ń làágùn, káàkiri ara, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí bí ara ṣe ń tutù fi ń lò ó láti fi mọ púpọ̀ nípa òógùn tiwa. Òógùn yìí ló jẹ́ kó lè sáré nígbà tí ẹranko mìíràn ti wọ abẹ́ igi lọ.

Ṣùgbọ́n òógùn, omi ni. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tó gbè sẹ́yìn ìjímèrè ti ṣì í mú. Ooru ló mọ̀ ọ́n fara dà, òùngbẹ kọ́. Kò ní àpò omi kankan lára, ohun tó sì ń rí nínú oje, èso àti kòkòrò kì í tó o tí ẹ̀rùn bá le. Ó gbọ́dọ̀ wá mu omi: létí odò Ògùn tó gba inú igbó ìjọba yẹn kọjá, nínú kòtò tó kù lórí àpáta, níbi tí wọ́n ti ń fún màlúù lómi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé e dé ibẹ̀. Tí ẹ bá ti mú ẹsẹ̀ yẹn kúrò, tàbí tí ẹ dí ọ̀nà tó ń gbà, ẹ̀rùn ọdún kan ti tó láti pa á.

Àbámọdá kò lẹ́sẹ̀. Ibi tó hù sí náà ni ẹ̀rùn á bá a. Ohun tó yí padà kì í ṣe ibi tó wà bí kò ṣe àkókò tó ń mí. Gbogbo ewé ló ní àwọn ihò tín-ín-tín-ín lára tó fi ń gba afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ̀sáìdì wọlé, tí oòrùn á fi sè é di oúnjẹ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé náà ni omi ń gbà jáde, ọ̀sán gangan tí oòrùn mú sì ni omi ń sá lọ jù. Ewé ẹ̀wà kò rọ́gbọ́n dá sí i: ọ̀sán ló ń ṣí ihò rẹ̀, omi á sì máa lọ. Àbámọdá dà bí obìnrin tó ń lọ ra èlò ọbẹ̀ lóru, tó wá tilẹ̀kùn mọ́rí sè é lọ́sàn-án. Lálẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù, ó ṣí ihò, ó gba kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ̀sáìdì, ó sì fi pa mọ́ sínú ewé ní ìrísí ásíìdì. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á pa ihò dé gbọnin, á tú ásíìdì náà palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, oòrùn á sì máa bá a sè é láìjẹ́ pé omi ráyè jáde. CAM (Crassulacean Acid Metabolism) ni àwọn onímọ̀ ń pe ọgbọ́n yìí, ẹbí àbámọdá gan-an, Crassulaceae, ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà ń lò ó.

Ẹ̀yin olùkọ́ á fẹ́ gbọ́ iye. Kí ìrẹsì tàbí ẹ̀wà tó rí gíráàmù kan kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ̀sáìdì lò, á ti pàdánù omi tó tó gíráàmù 400 sí 500. Àgbàdo dára jù wọ́n lọ, ó ń ná nǹkan bíi 250 sí 300. Àwọn ewé tó ń mí lóru bíi àbámọdá ń ná 50 sí 100 péré.

A kò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ pé òótọ́ ni, ahọ́n tó o. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Benjamin Heyne, tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, ló já ewé yìí tó fi kan ẹnu láàárọ̀, ó sì bá a pé ó kan gan-an. Ó tún tọ́ ọ wò lọ́sàn-án, kíkan náà ti lọ, kò sì ní adùn kan pàtó mọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń korò díẹ̀. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Linnean Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ewé àti ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1815. Nígbà yẹn kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Ásíìdì tí ewé kó jọ lóru ló ń kan ahọ́n láàárọ̀. Títí ọ̀sán, ó ti ń lò ó tán lọ.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé kíláàsì kì í sábà fi kún un. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àbámọdá ń gbé irú ayé yìí. Ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ń mí lọ́sàn-án bíi ti àwọn ewé yòókù, pàápàá tí omi bá wà nílẹ̀. Bí ewé bá ṣe ń gbó tí ilẹ̀ sì ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sún mímí rẹ̀ sí òru. Fún èmi, ibí yìí ló ti ga ju ìjímèrè lọ jù. Ìjímèrè kò lè sọ pé nígbà tí omi ti wọ́n, òun á dín òógùn òun kù, kí òun tún máa sáré bí òun ṣe ń sáré.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ ọmọ bíbí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti yàtọ̀ síra jù. Abo ìjímèrè ń bí àkọ́bí rẹ̀ nígbà tó bá tó ọmọ ọdún mẹ́ta, èyí sì yá fún ọ̀bọ. Oyún rẹ̀ ń gbà tó oṣù márùn-ún àtààbọ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ń bí. Ọ̀pọ̀ ọdún ní Kẹ́ńyà àti àríwá Kamẹrúùnù, àárín ẹ̀rùn gan-an ni ọmọ ń délẹ̀. Ìyá tó ń làágùn, tó ń rin ìrìn yẹn, tún gbọ́dọ̀ fi omi ara rẹ̀ ṣe wàrà fún ọmọ tó rọ̀ mọ́ ọn níkùn. Tí mo bá ń wá ẹni tí mo lè bọ fìlà fún nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ni, kì í ṣe akọ onírunmú.

Àbámọdá ní òdòdó àti èso bíi ti ewé gbogbo, ìgbà ọyẹ́ ló sì ń tanná. Síbẹ̀ kò gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ já ewé kan tó ti gbó, ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ má bu omi sí i. Etí ewé náà ní géńgé ní kékeré-kékeré. Bó bá ṣe díẹ̀, nǹkan funfun á yọ nínú géńgé náà: gbòǹgbò ni. Ewé méjì kéékèèké á sì tẹ̀ lé e. Ọmọ mẹ́rin, márùn-ún, lè yọ lára ewé kan, tí ewé ìyá wọn á sì máa hunjọ bí wọ́n ṣe ń fa omi inú rẹ̀ mu. Nígbà tí ewé yẹn ṣì wà lára igi, èròjà tó ń ti ara igi wá ló ń dá àwọn ọmọ yìí dúró. Jíjá tí ẹ já a ló tú wọn sílẹ̀. Goethe, akéwì Jámánì nì, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́, kí wọ́n lọ gbìn ín. Ewé tó lè rin ìrìn-àjò pẹ̀lú lẹ́tà kí ó sì dé ibẹ̀ láàyè, ẹ̀rùn wo ló kù tó fẹ́ pa á?

Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ orí ewé yìí kì í ṣe ọmọ gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ ọmọ. Ìyá wọn náà ni wọ́n, láìyàtọ̀ nínú ohunkóhun. Àrùn tó bá mọ ọ̀nà ìyá mọ ọ̀nà gbogbo wọn. Nínú agbo ìjímèrè, baba yàtọ̀ sí ìyá, ọmọ kò sì jọ ẹnikẹ́ni pátápátá.

Nítorí náà, tí ẹ bá ní kí n dájọ́ lórí ẹ̀rùn nìkan, àwọn ọmọ tó gbè sẹ́yìn àbámọdá ló jàre, kò tilẹ̀ sún mọ́ra. Àmọ́ wọ́n jàre nítorí ìdí mìíràn tó ju èyí tí wọ́n sọ lọ. Odi àbámọdá wà nínú ara rẹ̀. Odi ìjímèrè wà níta: ààyè tó fẹ̀, koríko tí kò dí ojú, ọ̀nà odò tí kò sí ìkẹ́kùn lórí rẹ̀. Ohun tó wà níta, èèyàn lè gbà á. Ní Tanzania, ẹ̀yà ìjímèrè kan tó wà níbẹ̀, Erythrocebus baumstarki, ti kéré débi pé àwọn tó ń tọpa rẹ̀ fojú bù ú pé wọn kò ju igba lọ. Oko, màlúù tó ń bá wọn du omi, igi tí wọ́n ń gé fún èédú àti ajá ọdẹ ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Tiwa níhìn-ín pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹgbẹ́ IUCN tó ń ṣọ́ iye ẹ̀dá ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń sún mọ́ ewu. Lákòókò kan náà, àbámọdá tí wọ́n gbé dé erékùṣù Galápagos fún ẹwà ti di èpò tí wọ́n ń fi agbára tu níbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn, èyí ni mo dábàá. Kí wọ́n gbin àbámọdá sínú ìkòkò méjì, kí wọ́n máa bomi rin ọ̀kan, kí wọ́n sì gbàgbé èkejì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó yọ, kí wọ́n gún ewé tó ti gbó láti inú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ki pépà lítímọ́ọ̀sì, èyí tí ásíìdì máa ń sọ di pupa, bọ omi rẹ̀. Kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n kọ àwọ̀ tí wọ́n rí sílẹ̀. Lítímọ́ọ̀sì ni kí wọ́n lò o, kì í ṣe ahọ́n. Heyne dàgbà kó tó dán tiẹ̀ wò.

Ní ti ìjímèrè, ọ́fíìsì àgbà igbó ìjọba náà wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí ẹ tó kó àwọn ọmọ lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí iná bá ti jó koríko ló dára jù, torí ojú á ríran jìnnà. Àárọ̀ ni kí ẹ dé ibẹ̀. Ẹ má mú ajá dání.